Ìtọ́jú Ìjìnlẹ̀ Ọkàn: Ohun tí Ènìyàn Mọ̀ tí Kò Fẹ́ Mọ̀

Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, ẹ̀ka kan wà tí kì í ka ẹjọ́ tí aláìsàn ń rò sí òpin ọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá ní òun kò rí oorun sùn mọ́, tàbí pé ẹ̀rù ń ba òun láìrí ohun tí ń lé òun, ẹ̀ka yìí gbà pé ìdí kan wà fún un, pé inú onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ni ìdí náà wà, àti pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí oorun tó dá. Yorùbá ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà yìí ni ìtọ́jú náà ń wá, nítorí èyí ni a ṣe pè é ní ìtọ́jú ìjìnlẹ̀ ọkàn nínú àlàyé yìí. Orúkọ Sigmund Freud ni ó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀; a lè pe ọ̀nà tirẹ̀ ní ìtúpalẹ̀ ọkàn. Carl Jung, ará Switzerland, tí òun àti Freud pínyà ní 1913, la ọ̀nà mìíràn, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn sì tún la tiwọn. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò kéré, ṣùgbọ́n ohùn wọn ṣọ̀kan lórí kókó yìí: ènìyàn lè mọ ohun kan, kí ó má sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Àṣìlóye tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ìmọ̀ràn tí a fi owó rà ni ìtọ́jú yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn kò wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Àgbà àdúgbò ní i, ẹ̀gbọ́n ní i, pásítọ̀, àáfà àti ọ̀rẹ́ náà ní i, wọn a sì máa fúnni láìjẹ́ pé a béèrè. Olùtọ́jú ìjìnlẹ̀ ọkàn kì í sábà sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó kọ ọkọ rẹ̀, kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kí ó dárí ji bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó tẹ́tí sílẹ̀ débi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yóò fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1880 sí 1882, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Josef Breuer tọ́jú ọ̀dọ́bìnrin kan tí apá rẹ̀ rọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí èdè abínibí rẹ̀ sì fò lọ mọ́ ọn lẹ́nu fún ìgbà kan, tí ó fi jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó lè sọ. Breuer ṣàkíyèsí pé bí ó bá ti lè sọ ìtàn ìgbà tí ìnira kan kọ́kọ́ dé, ìnira náà a máa dẹwọ́. Aláìsàn yìí fúnra rẹ̀ ni ó fún ohun tí wọ́n ń ṣe ní orúkọ. Ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ ni ó pè é. Ìtàn náà kò dùn tó bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ọ́, nítorí lẹ́yìn tí Breuer dáwọ́ dúró, obìnrin náà ṣì pẹ́ nílé ìwòsàn. Bertha Pappenheim ni orúkọ rẹ̀ gan-an, òun kan náà ni ó sì wá dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Júù sílẹ̀ ní Jámánì ní 1904. Ní 1895 ni Breuer àti Freud tẹ ìwé kan jáde lórí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Hysteria ni wọ́n ń pe àìsàn náà láyé ìgbà náà.

Imú tí ń gbóòórùn ohun tí kò sí

Nínú ìwé yìí ni ìtàn obìnrin kan wà tí Freud pè ní Miss Lucy R. Ìtàn tirẹ̀ kúrú, ó sì yéni ju ti Bertha lọ. Òun ni ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 30 ọdún ni Lucy. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Glasgow, òun sì ń gbé lẹ́yìn odi Vienna, nílé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì ní ẹ̀kọ́ ilé àti ti ìwé. Ní ìparí 1892, dókítà mìíràn fi í ránṣẹ́ sí Freud. Imú rẹ̀ ti ń dà á láàmú tipẹ́, kò sì gbóòórùn ohunkóhun mọ́. Síbẹ̀, òórùn kan wà tí kò fi í lọ́rùn sílẹ̀: òórùn púdìn tí ó ń jó. Bí ilé mọ́ tónítóní, bí ẹnikẹ́ni kò dáná, òórùn náà yóò dé. Ara rẹ̀ wúwo, inú rẹ̀ kò dùn, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ.

Freud gbìyànjú láti mú un wọ oorun hypnosis, kò ṣeé ṣe. Ó wá gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ó ní kí ó sọ ohunkóhun tí ó bá wá sí i lọ́kàn, ìbáà jẹ́ ohun tí kò jọ nǹkan kan. Ohun tí ó wá ni ìrántí ọjọ́ kan, bí oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí ó ṣe ọjọ́ ìbí. Lucy àti àwọn ọmọ náà ń fi oúnjẹ sísè ṣeré. Lẹ́tà dé láti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Kí ó tó ṣí i, àwọn ọmọ já a gbà, wọ́n ní ó di ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí ó tó kà á. Ibi tí wọ́n ti ń jìjàdù yìí ni wọ́n ti gbàgbé púdìn lórí iná, ni ó bá jóná.

Ẹni tí kò ní sùúrù lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó burú nínú kí ọmọdé fẹ́ràn olùkọ́ rẹ̀ débi pé ó já lẹ́tà gbà? Lucy ṣàlàyé pé nígbà náà òun ti ń múra àtifi ilé náà sílẹ̀ lọ bá ìyá òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ti gbìmọ̀ pọ̀ lòdì sí i, wọ́n ní ó ń gbéra ga ju ipò rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó sì fẹjọ́ sùn, kò rí ẹni gbè é lẹ́yìn bí ó ti retí. Bẹ́ẹ̀ ó ti ṣèlérí fún ìyá àwọn ọmọ náà, lórí àkéte ikú, pé òun kò ní fi wọ́n sílẹ̀, pé òun yóò dípò ìyá fún wọn.

Freud kò gbà pé èyí nìkan tó. Ó sọ fún un pé lójú òun, ó ti nífẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láìjẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀, pé ipò ìyá tí ó ń wí náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ nìkan, àti pé ẹ̀rù ń bà á kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé má baà fura kí wọ́n sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lucy kò jiyàn. Ó gbà pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Freud bi í pé bí ó bá mọ̀, kí ló dé tí kò sọ. Èsì rẹ̀ ni pé òun kò mọ̀, tàbí kí a kúkú wí pé òun kò fẹ́ mọ̀; òun ti ń gbìyànjú láti lé e kúrò lọ́kàn. Gbogbo ìmọ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn wà nínú èsì kékeré yìí. Àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí Freud kọ lẹ́yìn náà kò ṣe ju kí wọ́n máa wá ọ̀nà láti ṣàlàyé rẹ̀.

Òórùn púdìn dín kù, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n òmíràn rọ́pò rẹ̀, òórùn èéfín sìgá. Ìrántí mìíràn ni ó wà lẹ́yìn èyí náà. Ní ọjọ́ kan, àlejò àgbàlagbà kan jẹun ọ̀sán nílé náà. Bí ó ti ń dágbére, ó fẹ́ fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, bàbá wọn sì jágbe mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn Lucy gbọgbẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ni wọ́n bá wí. Àwọn ọkùnrin ń mu sìgá lọ́wọ́ lákòókò náà. Lẹ́yìn ìrántí yìí ni ọ̀kan tí ó ti pẹ́ jù ú lọ tún wà. Obìnrin kan ti wá kí wọn tẹ́lẹ̀, ó fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, bàbá wọn kò sì sọ nǹkan kan títí àlejò fi lọ. Ìgbà náà ni ó wá yíjú sí Lucy, ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú, ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun yóò gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ yìí, ọ̀gá náà ti bá a sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ti wò ó bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́kàn. Orí wíwò ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni Lucy kọ́ ìrètí rẹ̀ lé, ọjọ́ tí ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ gún un lọ́bẹ ni ìrètí náà wó.

Nígbà tí ó tún padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Freud tilẹ̀ rò pé bóyá ọ̀gá náà ti bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Rárá o. Lucy mọ̀ dájú pé kò sí ohun tí òun lè retí. Ó ṣì nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó sì lè máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ láìsí pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ run. Òórùn méjèèjì kò padà wá mọ́, imú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn nǹkan gidi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ìtọ́jú náà gbà.

Ó yẹ kí a dúró wo ohun tí ó rí gbà. Kò rí ọkọ. Kò rí ìmọ̀ràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kò yí padà. Ohun tí ó rí gbà ni ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí ni ó sì tú imú rẹ̀ sílẹ̀. Yorùbá ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Lucy, apá kan òwe náà ṣẹ, apá kejì kò ṣẹ: ẹnu dákẹ́, ara kọ̀, kò dákẹ́.

Àríwísí wà o. Freud ni ó kọ́kọ́ pe ìfẹ́ náà lórúkọ, kì í ṣe Lucy. Ọkùnrin ni, dókítà ni, obìnrin tí ó jókòó níwájú rẹ̀ sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó jìnnà sílé. Ó ṣòro fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti sọ pé irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú òde òní yóò dúró kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ débẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba oṣù mélòó kan sí i. Wọn kò sì jẹ̀bi.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Freud pa ọwọ́ gbígbé lé iwájú orí tì nígbà tí ó yá. Ó wá ń jẹ́ kí aláìsàn dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ, òun a sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ojú má baà ko ojú. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà fún aláìsàn: kí ó sọ ohunkóhun tí ó bá wá sí i lọ́kàn, ìbáà jẹ́ ohun ìtìjú tàbí ohun tí kò ní láárí. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ rí lè rò pé ó rọrùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń sún mọ́ ibi tí ó ń dunni, ẹnu a lẹ̀ pọ̀, ènìyàn a gbàgbé ọjọ́ àdéhùn, tàbí kí ó ṣàdédé rí i pé ara òun ti yá. Olùtọ́jú kì í bínú sí ìdènà bẹ́ẹ̀. Ó ń tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀kùn wà ni.

Ohun kejì tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé aláìsàn a gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ olùtọ́jú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í ráyè gbọ́ tirẹ̀ lè dàgbà, kí ó máa gba owó oṣù, kí ó sì tún máa bínú kíkankíkan nítorí pé olùtọ́jú wo aago lẹ́ẹ̀kan. Ìbínú náà kì í ṣe ti aago. Inú yàrá yẹn ni a ti lè rí i bí ó ti ń ṣẹlẹ̀, kí a sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò, láìjẹ́ pé bàbá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ní ti àlá, ìwé Freud lórí rẹ̀, tí ó jáde ní ìparí 1899 tí ọdún 1900 sì wà lára rẹ̀, gbà pé àlá ń fi ìbòjú bo ìfẹ́ ọkàn. Jung ní àlá kò bo nǹkan kan, èdè tirẹ̀ ni ó ń sọ.

Inú, orí àti ọ̀rọ̀ ìtumọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yóò bá ìṣòro kan pàdé bí ó bá fẹ́ lo ìmọ̀ yìí fún lámèyítọ́. Báwo ni a ṣe fẹ́ pe apá ọkàn tí ènìyàn kò mọ̀? “Àìmọ̀” kò bá a mu, nítorí ẹni tí kò gbọ́ nípa nǹkan rí ni à ń lò ó fún. “Dídákú” tilẹ̀ tún burú jù. Ṣùgbọ́n gírámà èdè náà ti ní ohun kan nílẹ̀. Nínú “inú bí mi”, “ojú tì mí”, “ẹ̀rù bà mí” àti “àárò sọ mí”, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe olùwà gbólóhùn, àbọ̀ ni. Inú ni ó ṣe é, ẹ̀rù ni ó ṣe é, ènìyàn ni a ṣe é sí. Ní 1923, Freud fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kékeré kan nínú èdè Jámánì, “es”, sọ apá ọkàn tí ó ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá sọ pé inú ń bí òun láìmọ ohun tí ó fà á kò jìnnà sí ibi tí Freud ń lọ. Nítorí náà, “inú tí a kò tíì mọ̀” lè ṣiṣẹ́, títí a ó fi rí ọ̀rọ̀ tí ó dára jù ú lọ.

Ohun tí kò yẹ kí a ṣe ni kí a sáré pe orí inú ní orúkọ yìí, bí àwọn iṣẹ́ àṣekágbá kan ti máa ń ṣe. Orí inú ni ìpín tí ẹ̀dá yàn kí ó tó dé ayé. Ohun tí Lucy tì mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìpín. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ sí i láàárín oṣù mélòó kan ni.

Àfiwé pẹ̀lú Ifá ní láárí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá fi ìṣọ́ra ṣe é. Ẹni tí ó lọ dá Ifá a máa sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, kì í sọ ọ́ fún babaláwo. Babaláwo ni yóò máa ki ẹsẹ odù tí ó bá jáde, oníbèérè ni yóò sì dá èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ mọ̀. Nínú ìtọ́jú ìjìnlẹ̀ ọkàn, nǹkan yí padà: oníbèérè ni ó ń sọ̀rọ̀ títí, olùgbọ́ ni ó ń dákẹ́. Babaláwo ní àkójọ ìmọ̀ tí ó jogún, ẹbọ sì ni ọ̀rọ̀ ń já sí. Olùtọ́jú kò ní ẹsẹ kankan láti kì, kò sì ní ẹbọ láti yàn. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni pé kò sí ẹni tí ó lè bá oníbèérè dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ̀.

Orí akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará ilé

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Aró, ní Abẹ́òkúta. Ní 1960 ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná tàbí tí nǹkan ń rìn wọ́n lórí, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, tí ohun tí wọ́n kà kì í sì yé wọn. Ìwé àkàjù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ pé ó fà á. Orúkọ tí Prince fún un ni brain fag. Lára ohun tí ó tọ́ka sí ni pé ẹ̀kọ́ àwọn Òyìnbó sọ ìwé kíkà di ìjàkadì ẹnìkan ṣoṣo, fún ẹni tí a tọ́ láàárín agboolé. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti jiyàn lẹ́yìn rẹ̀ pé kì í ṣe àìsàn ọ̀tọ̀, pé àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó gba ara yọ ni. Ẹ̀yìn wọn ni ẹ̀rí òde òní wà. Bí ó ti wù kí ó rí, orí tí ń gbóná ní Nàìjíríà àti imú tí ń gbóòórùn púdìn ní Vienna jọ ń béèrè ìbéèrè kan náà: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ kí ó lè wọ yunifásítì, tí kò sì fẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn fún un, kò lè fẹnu sọ pé òun kò fẹ́. Ojú rẹ̀ lè bá a sọ ọ́.

Ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ti sọ ọ́ ni ìṣòro. Thomas Adéoyè Lambo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró ní 1954, kò fẹ́ kí a já aláìsàn gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn aláìsàn ń gbé nílé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, ìbátan wọn ń bá wọn gbé, ó ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Ìtọ́jú ìjìnlẹ̀ ọkàn gba ọ̀nà mìíràn: yàrá kan, ènìyàn méjì, ilẹ̀kùn títì. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kì í dé etí òbí, àfi bí ẹ̀mí ẹnìkan bá wà nínú ewu. Ó ṣòro fún ọmọ tí a ti kọ́ pé a kì í tú àṣírí ilé láti jókòó níwájú àlejò kí ó sọ pé inú òun ń bí sí ìyá tí ó ta ilẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú ìbátan tí ń se ọbẹ̀ fún un kọ́ ni yóò ti sọ ọ́ ná. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó ń ro láti pa ara rẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ọ̀nà Lambo ni ó bá tirẹ̀ mu. Ẹni tí ó ń jẹ, tí ó ń mu, tí ó ń lọ sí kíláàsì, tí nǹkan kan sì ń dùn ún tí kò ní orúkọ, ni yàrá onílẹ̀kùn títì wà fún.

Èdè tí yóò fi sọ ọ́ níbẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bertha Pappenheim sá kúrò nínú èdè ìyá rẹ̀ lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ara rẹ̀ kò dá. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́ láìṣàìsàn: ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ nípa ìbálòpọ̀ tàbí ìbínú sí òbí pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí ohùn rẹ̀ sì máa gbọ̀n bí a bá ní kí ó fi Yorùbá sọ gbólóhùn kan náà. Olùtọ́jú tí ó gbọ́ èdè méjèèjì lè ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an nígbà tí ó yí èdè padà, kí ó sì rọra dá a padà síbẹ̀.